Yísà Oníwèé Àlòkù àti Àwòrán Ìdíátù

Kúlíkúlí ni ọkùnrin náà ń jẹ. Ó dúró níwájú àtẹ Nimotallahi oníkúlíkúlí ní ọjà Gbégamey ní Kútọnu, ó ń jù ú sẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bá ẹnìkejì rẹ̀ ṣàwàdà. Aláàárù wáàfù, èbúté ọkọ̀ òkun, ni àwọn méjèèjì. Ìyẹ̀fun tí wọ́n rù láàárọ̀ ṣì funfun léjìká wọn. Yísà ń kọjá lọ, ìdì ìwé wà lórí rẹ̀. Ó fojú kan ọwọ́ ọkùnrin náà. Ó dúró. Ó tún un wò.

Ìyá rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

Kì í ṣe ẹni tó jọ ọ́. Òun gan-an ni. Ìdíátù, tí wọ́n sin nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ń parí lọ, tí òjò kò tíì tẹ ilẹ̀ orí sàréè rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ojú rẹ̀ ló wà lára tákàdá tí wọ́n fi wé kúlíkúlí. Òróró ti mu ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan.

Yísà ju ìdì ìwé sílẹ̀. Ó já tákàdá náà gbà. Kúlíkúlí fọ́n sínú yanrìn.

"Kí ló ń ṣe ọ́? Ṣé orí rẹ pé?"

"Ìyá mi nìyí."

"Ìyá ta ni? Kúlíkúlí ni mo rà, n kò ra ìyá ẹnikẹ́ni!"

Ọjà bú sẹ́rìn-ín. Aláàárù náà gbá a lọ́rùn ẹ̀wù mú. Nimotallahi dìde lórí àpótí rẹ̀, ó ki ara bọ àárín wọn.

"Fi í sílẹ̀, jọ̀ọ́, ó ń ṣọ̀fọ̀. Màá bu òmíràn fún ọ."

"Bó bá ń ṣọ̀fọ̀, kó lọ ṣe é nílé. Ṣé ẹnu mi ni wọ́n kú sí ni?"

Ó gba kúlíkúlí mìíràn, ó bá tirẹ̀ lọ. Yísà kò wo ẹ̀yìn rẹ̀. Tákàdá yẹn ló ń wò. Wọ́n ti ya ewé ìwé náà sí méjì láti fi wé ọjà. Apá òkè ló wà lọ́wọ́ rẹ̀: irun tí kò dì, ojú, èjìká, aṣọ dúdú tí wọ́n so mọ́ àyà.

"Níbo lo ti rí ìwé yìí?"

"Yísà, ìwọ lo tà á fún mi," ni Nimotallahi wí. "Inú ìdì tí o gbé wá lọ́jọ́ ọjà tó kọjá ni."

Òótọ́ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Nígbà yẹn, àsíá Faransé ṣì ń fẹ́ lórí gbogbo biró ìjọba ní Dàhòmì, òyìnbó ń wá, òyìnbó ń lọ. Bí òyìnbó bá fẹ́ lọ kọ̀njé, ìsinmi nílùú wọn, yóò kó ohun tí kò wúlò fún un mọ́ síta. Àwọn bọ́ì rẹ̀, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀, yóò mú àwo àti àga. Ìwé ni yóò kù. Yísà yóò wá rà á, láti Cadjèhoun títí dé etí òkun. Ìwé tí èèpo rẹ̀ le, ó ní àwọn tó ń rà á: tíṣà, kòmí tó ń kọ̀wé ní biró, àwọn Àgùdà, ọmọ àwọn tó ti Bùràsíìlì bọ̀, tó fẹ́ràn kí ìwé tò lára ògiri. Ìwé ìròyìn alàwòrán, tí èèpo rẹ̀ rọ̀, àwọn tó ń wé nǹkan ló ń lọ bá. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń ṣí ìwé ìròyìn àtijọ́ wò kó tó tà á. Ìdì ni wọ́n ń tà.

"Kó gbogbo èyí tó kù fún mi," ni Yísà wí.

"Gbogbo rẹ̀? Kí ni n ó fi wé ọjà mi?"

"Fi ewé wé e."

"Ewé kẹ̀! Ní Kútọnu! Ṣé oko la wà ni?"

"Ewé kò ní ìyá, Nimota. Kó o fún mi."

Ó kó o fún un. Ibẹ̀ náà ni Yísà jókòó sí, nínú yanrìn, ó ń ṣí ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí apá kejì ewé náà. Ó rí èèpo ìwé tí wọ́n ti já a: ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tó ń yọ èéfín, àkọlé pupa lókè. Ó to apá méjèèjì ewé náà pọ̀ lórí itan rẹ̀. Lábẹ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ Faransé kan síbẹ̀. Yísà lọ ilé-ìwé díẹ̀, kò lọ jìnnà. Ìka ló fi ń kàwé. Ó ka ti ibẹ̀ tán. Ó tún un kà, bóyá òun kò mọ̀ ọ́n kà ni.

Ó mọ̀ ọ́n kà.

Ó dìde, ó sọdá afárá lọ sí Akpakpa.

Safurat, àbúrò ìyá rẹ̀, ń ṣa ìrẹsì ní ojúde. Yísà kò tíì kí i tán tó fi tẹ́ tákàdá méjèèjì sórí ẹní níwájú rẹ̀. Safurat tẹ̀ síwájú. Yísà rò pé yóò sunkún. Ẹ̀rín ló rín.

"Wo ojú rẹ̀! Wo bó ṣe ń wo òyìnbó yẹn!"

"Ìyá Kékeré, ẹ mọ ọjọ́ tí wọ́n yà á?"

"Ṣé n kò ní mọ̀ ni? Èmi ni mo pọ̀n ọ́ lọ́jọ́ náà. O tún tọ̀ sí mi lẹ́yìn."

Ọjọ́ tí Ìdíátù jáde opó ni. Adélékan, bàbá Yísà, ti kú, Yísà kò tíì já lẹ́nu ọmú. Ìdíátù jókòó opó bí obìnrin Yorùbá ṣe ń jókòó rẹ̀. Kò di irun. Aṣọ dúdú kan ló ń ró, tòru tọ̀sán. Nígbà tó pé, àwọn obìnrin ilé mú un lọ sí etí ọ̀sà láti wẹ̀, kó bọ́ aṣọ opó dànù, kó wọ tuntun. Ibi ẹsẹ̀ afárá ni òyìnbó kan dúró sí. Ó gbé àpótí kan lé ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ó ju ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n dúró.

"Gbogbo wa sá," ni Safurat wí. "Èmi náà sá, tèmi tìrẹ lẹ́yìn mi. A rò pé ìbọn ni. Ìyá rẹ kò sá. Mo ní, 'Ìdíátù, máa bọ̀!' Ó ní, 'Mo ti sin ọkọ. Ṣé àpótí ni n ó wá sá fún?' Ó dúró síbẹ̀, ó ń wò ó. Òyìnbó ṣe ohun tó fẹ́ ṣe tán, ó palẹ̀ mọ́, ó lọ."

"Kò bi í ní orúkọ?"

"Orúkọ kẹ̀! Kò tilẹ̀ kí wa." Ó fi ìka kan ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀. "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Yísà kò fẹ́ kà á. Ó kà á.

"Wọ́n pè é ní *féticheuse*. Wọ́n ní abọ̀rìṣà kan ní Kútọnu nìyí. Wọ́n ní òrìṣà ló gùn ún, ni ojú rẹ̀ ṣe rí bẹ́ẹ̀."

"Ta ni? Ìdíátù? Tó ń jí wa sí ìrun Àsùbáà bí àkùkọ?" Safurat bọ́ ìborùn rẹ̀, ó tún un wé. "Obìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀! Wọn ò mọ opó ní ìlú wọn ni?"

"N ó wá gbogbo rẹ̀ kàn. N ó jó o. Gbogbo èyí tó bá wà ní ìlú yìí."

Safurat gbá a lọ́wọ́, bí ẹni ń gbá ọmọdé.

"Jó ta ni? Ṣé o rí fọ́tò mìíràn tí ìyá rẹ yà láyé rẹ̀? Òun nìkan náà nìyí. Mùsùlùmí ni wá, Yísà. Sísin là ń sin òkú wa, a kì í jó o."

"Kí wá ni kí n ṣe?"

"Ìwọ lo mọ ọ̀nà ìwé. Èmi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí n má tún gbọ́ pé wọ́n fi ẹ̀gbọ́n mi wé nǹkan jẹ."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ìgbà òjò ọdún náà, ìwé kan ṣoṣo ni Yísà ń wá. Ó sọ fún àwọn bọ́ì, ó sọ fún àwọn alágbàfọ̀, ó sọ fún àwọn tó ń wé nǹkan tà: ìwé tí ọkọ̀ ojú omi wà lójú rẹ̀, tí àkọlé rẹ̀ pupa. Ẹni bá rí i, kó má ya á. Kó mú un wá. Òun yóò rà á.

Kò tíì pẹ́ tí gbogbo ọkọ̀ ojú omi ayé fi bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n mú kàlẹ́ńdà wá. Wọ́n mú páálí ọṣẹ wá. Ẹnìkan gbé pákó tí wọ́n ya ọkọ̀ apẹja sí wá, ó fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ọkọ̀ ni ọkọ̀ ń jẹ́.

"Yísà Ọlọ́kọ̀!" ni wọ́n ń kí i lọ́jà. "Ìgbà wo lò ń ṣí lọ sí Màsẹ́yì, ìlú òyìnbó?"

"Nígbà tó bá kún," ni Yísà ń dá wọn lóhùn. Kì í rẹ́rìn-ín.

Ó rí òmíràn nínú àpótí aṣọ alágbàfọ̀ kan, wọ́n fi tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó rí òmíràn lára ògiri gẹrígẹrí kan ní Akpakpa. Ọkùnrin náà ti fi àtè lẹ àwọn àwòrán mọ́ ògiri kí àwọn oníbàárà rẹ̀ lè máa rí nǹkan wò. Ìdíátù wà láàárín wọn, ó ń wo ọ̀kánkán.

"Obìnrin yẹn? Mú un máa lọ, ọ̀rẹ́ mi. Àwọn èèyàn ní ó ń wo àwọn bí ẹni pé wọ́n jẹ ẹ́ ní gbèsè. Wọ́n máa ń kọ ẹ̀yìn sí i kí n tó gẹ irun wọn."

Abẹ ọkùnrin náà ni Yísà yá. Ó fi bó o kúrò lára ògiri díẹ̀díẹ̀. Ó fi gé ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn sọnù. Bó ṣe ń ṣe sí gbogbo èyí tó bá rí nìyẹn. Yóò gé ọ̀rọ̀ náà, yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrẹ̀, yóò kó àwòrán sínú àpótí abẹ́ ibùsùn rẹ̀.

Nítorí pé ó ti ń ṣí ìwé wò, ojú rẹ̀ là sí ohun mìíràn. Kì í ṣe ìyá òun nìkan. Ó rí arúgbó kan tí wọ́n mú dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin. Ó rí àwọn ọmọge tó gbé ìkòkò. Ó rí ọkùnrin onílà kan tí wọ́n ya orí rẹ̀ nìkan, bí ẹni ń ya ara igi. Orúkọ òyìnbó tó ya fọ́tò wà níbẹ̀. Orúkọ ẹṣin wà níbẹ̀ nígbà mìíràn. Orúkọ èèyàn kò sí. Yísà kó àwọn náà pa mọ́. Àpótí kan kún, ó wá òmíràn.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọ̀fọ̀ ti dà á lórí rú. Àlùfáà dá a dúró lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

"Yísà, àdúà ni òkú ń fẹ́. Òkú kò fẹ́ tákàdá."

"Àdúà ń lọ lójoojúmọ́, Àlùfáà. Tákàdá náà ń jáde lójoojúmọ́."

"Olórí kunkun ni ọ́."

"Ọmọ Ìdíátù ni mí."

Ilé kan ṣẹ́ kù tí Yísà kò tíì wá àwòrán náà dé. Ó mọ̀ ọ́n. Ó kàn ń yí i ká ni. Ilé Mùsíè Léopold.

Àgùdà ni Léopold, kòmí ni, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá bàbá rẹ̀ kọ́ ló ń gbé. Kò sí ẹni tó ń ra ìwé lọ́wọ́ Yísà tó o. Yóò gbé ìwé sójú, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni ń pa ológbò lára. Òun nìkan ló ń ra ìwé ìròyìn alàwòrán láti fi pa mọ́. Yóò to ti ọdún kan pọ̀, yóò fi ránṣẹ́ sí Àjàṣẹ́, wọn yóò fi awọ dì í fún un. Ọdún tí ọkọ̀ ojú omi yẹn jáde wà lórí pẹpẹ rẹ̀. Yísà mọ̀, nítorí lọ́wọ́ òun náà ni ó ti rà á.

Ọjọ́ Àìkú ló lọ, lẹ́yìn ìsìn Máàsì. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni ó máa ń gbà. Lọ́jọ́ yẹn, iwájú ló gbà. Mádáàmù Antoinette, ìyàwó Léopold, ló ṣílẹ̀kùn. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kún fún yanrìn. Ó yà fún un láti wọlé.

"Yísà! Kí lo gbé wá fún wa?" ni Léopold wí láti inú sàlọ́ọ̀, yàrá àlejò rẹ̀.

"N kò gbé nǹkan wá, Mùsíè. Mo wá wo nǹkan ni. Ìwé ọdún tí ọkọ̀ ojú omi wà nínú rẹ̀."

Inú Léopold dùn. Inú rẹ̀ máa ń dùn bí wọ́n bá ní kó ṣí ìwé. Ó gbé e sórí tábìlì, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ṣí i.

Ìdíátù jáde, ó mọ́ tónítóní. Kò sí òróró. Kò sí àtè. Yísà rí àpá kékeré tó wà lókè ìpéǹpéjú rẹ̀, èyí tó ní láti ìgbà tó wà lọ́mọdé. Àwọn ìwé yòókù kò gbé àpá yẹn jáde mọ́. Yísà di tábìlì mú.

"Èyí?" ni Léopold wí. "Gbogbo àlejò mi ló máa ń wò ó. Mo máa ń sọ fún wọn pé ayé àtijọ́ wa nìyí, pé ẹ wo ojú abọ̀rìṣà."

"Ìyá mi ni."

Léopold bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ìdíátù? Èyí tó kú ṣáájú òjò? Pẹ̀lẹ́ o. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. N kò mọ̀."

"Ẹ ṣeun. Mo fẹ́ gé e, Mùsíè. N ó sanwó rẹ̀."

"Gé e? Yísà, ìwé tí wọ́n ti dì ni. Bí o bá fa ewé kan yọ, èyí tó so mọ́ ọn lápá kejì yóò tú. Ọdún kan odidi yóò ní ihò láàárín. N kò lè ṣe é. Bí o bá tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá mi, n kò lè ṣe é."

"Ẹ jẹ́ kí n fa ìlà sí ọ̀rọ̀ yìí nígbà náà. Kí n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀."

"Yíǹkì? Sínú ìwé mi?" Ẹ̀rù ba Léopold ju ti ìṣáájú lọ. "Ohun tí wọ́n bá ti tẹ̀, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pa ìwé mọ́. Àti pé ta ló máa mọ̀ pé ìyá rẹ ni? Kò sí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ẹni tó bú u."

Yísà gbé ojú sókè. Fọ́tò obìnrin àgbà kan wà lára ògiri, nínú férémù, rosárì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fi àwọ̀ wúrà kọ nǹkan sí abẹ́ rẹ̀.

"Ta nìyẹn, Mùsíè?"

"Ìyá mi."

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Orúkọ rẹ̀. Françoise."

"Bí mo bá lẹ tákàdá mọ́ ọn, tí mo kọ 'àjẹ́' sí i, tí n kò kọ orúkọ, ṣé ẹnikẹ́ni ti bú u?"

"Má mú ìyá mi wọ̀ ọ́! Ìyá mi kì í ṣe…"

"Kì í ṣe kí ni?"

"Léopold," ni Antoinette wí jẹ́jẹ́.

Léopold pa ìwé dé. Ó dá a padà sórí pẹpẹ, ó fi ọwọ́ tò ó kó gún régé. Yísà rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ó yí padà.

"Mùsíè, mo so ìdì mọ́ yín."

Léopold rẹ́rìn-ín. Kò mọ ohun tó jẹ́. Yóò mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Yorùbá ni gbogbo àwọn tó ń ra ìwé àlòkù káàkiri Kútọnu nígbà yẹn, láti Ṣábẹ̀, láti Kétu, díẹ̀ láti Nàìjíríà. Wọ́n ní òfin kan láàárín ara wọn. Bí oníbàárà kan bá fi ìwọ̀sí lọ ọ̀kan nínú wọn, ẹni náà yóò mú okùn wá sí ìpàdé wọn lábẹ́ igi fùrùǹtù ní Gbégamey. Yóò dárúkọ oníbàárà náà, yóò ta kókó sí okùn lójú gbogbo wọn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ tú ìdì fún un. Ẹni tó ta kókó nìkan ló lè tú u. Wọn kì í sáàbà ṣe é, nítorí ó ń pa gbogbo wọn lára.

Dúrótoyè ni àgbà wọn. Nígbà tí Yísà dárúkọ Léopold, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àpótí.

"Léopold? Ẹni tó ń ra ohun tí ẹlòmíràn kì í rà? Ṣé ebi lo fẹ́ fi pa wá nítorí fọ́tò kan?"

"Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ wò ó."

Yísà ti ru àpótí rẹ̀ wá. Ó to àwọn àwòrán sórí ẹní: ìyá rẹ̀, arúgbó ẹ̀gbẹ́ ẹṣin, àwọn ọmọge oníkòkò, gbogbo wọn.

"Àwa la kó wọn tà," ló wí. "Èmi náà kó wọn tà. Bí ẹnikẹ́ni bá rí èèyàn rẹ̀ níbí, kó wí."

Wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ọmọge kan jọ ìyàwó ẹnìkan. Nígbà tó yá, yẹ̀yẹ́ tán. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Dúrótoyè mú ọkùnrin onílà tí wọ́n ya orí rẹ̀ nìkan. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà.

"Ilà ìdílé wa ni," ló wí. Ó tún wò ó. "Etí yìí… Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní etí yìí. Àwọn òyìnbó mú un lọ ṣiṣẹ́ ojú irin, a kò rí i mọ́." Ó bi Yísà, "Kí ni wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀?"

"'Irú èèyàn kan.' Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Dúrótoyè di àwòrán náà mú, kò gbé e sílẹ̀ mọ́.

"Ta kókó rẹ," ló wí.

Kókó náà mú. Léopold rán bọ́ì rẹ̀ jáde, ó padà lọ́wọ́ òfo. Léopold jáde fúnra rẹ̀. Oníwèé kan ní ọjà òun ti tán, ó sì jókòó lé ìdì lórí nígbà tó ń wí i. Òmíràn ní òun ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, òun ń ta àgbọn. Léopold bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ́dọ̀ Nimotallahi, pẹ̀lú ṣòkòtò tí wọ́n fi irin lọ̀ dáadáa, ó ń ra kúlíkúlí lójoojúmọ́ kó lè wo tákàdá tí wọ́n fi wé e. Nimotallahi bá ń fi ewé wé tirẹ̀.

"Mùsíè, ẹ mà fẹ́ràn kúlíkúlí!"

"Ó dára fún eyín," ni Léopold wí. Ó gbé ewé rẹ̀, ó lọ.

Òjò dáwọ́ dúró. Ebi pa àwọn oníwèé díẹ̀, òótọ́ ni. Wọ́n kùn sí Yísà. Kò tú okùn. Òun náà ń fi gàrí lásán sùn, kò tú u.

Nígbà náà ni òyìnbó àgbà kan ní Cadjèhoun, tó ti pẹ́ ní ìlú, palẹ̀ mọ́ láti lọ pátápátá. Ìwé kún ilé rẹ̀ dé àjà. Àwọn bọ́ì rẹ̀ mọ Yísà, Yísà ni wọ́n pè. Ọmọlanke ló fi kó o, ó lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀. Gbogbo Gbégamey ló rí i. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni èyí tó pọ̀ jù, ti ọdún tí kò sí ẹni tó ní i mọ́, èèpo wọn ò já.

Ọjọ́ ọjà ni Léopold dé. Ẹsẹ̀ ló fi rìn. Yanrìn ti wọ inú bàtà rẹ̀. Ó gbé nǹkan kan tí ó fi aṣọ funfun wé sí abẹ́ apá. Àwọn èèyàn yà fún un, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e, nítorí Kútọnu ni.

"Kú ọjà o, Yísà."

"Ẹ káàbọ̀, Mùsíè. Ẹ jókòó."

Kò jókòó. Ojú rẹ̀ ti wà lára òkìtì ìwé tó wà lẹ́yìn Yísà. Ó fà á kúrò níbẹ̀. Ó tú aṣọ funfun, ó gbé ìwé tí wọ́n fi awọ dì sórí àtẹ.

"Antoinette kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ nílé nítorí rẹ," ló wí. "Ó ti gbé fọ́tò ìyá mi kúrò lára ògiri. Ó ní títí n ó fi wá síbí." Ó yọ abẹ kan láti inú àpò. Ó gbé e ka orí ìwé. "Gé e. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ ẹ̀yìn sí i."

Ó kọ ẹ̀yìn sí i lóòótọ́.

Yísà ṣí ìwé. Ó mú abẹ. Ìdíátù ń wò ó, pẹ̀lú irun tí kò dì, aṣọ opó lára rẹ̀, afárá lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ti ń wá látọjọ́ wọ̀nyí nìyí. Á gé e. Á kó o sínú àpótí. Á ti àpótí sí abẹ́ ibùsùn. Ilé Àgùdà á ṣì máa ṣí ìwé fún àlejò, ìyá rẹ̀ kò ní sí níbẹ̀ mọ́, bí ẹni pé ó sá. Gbogbo wọn ló sá lọ́jọ́ yẹn. Òun nìkan ni kò sá.

Ó gbé abẹ sílẹ̀.

"Ṣé o ti gé e tán?" ni Léopold bi í, ojú rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn.

"N kò gé e mọ́. Kò lọ síbì kankan. Inú sàlọ́ọ̀ yín ni yóò máa gbé. Ẹ fún mi ní kálàmù yín."

Léopold yí padà kíákíá. "A ti jọ sọ̀rọ̀ yíǹkì!"

"A sọ ọ́. Ẹ sọ pé rárá. Èmi náà sọ pé rárá, mo sì ta kókó." Yísà na ọwọ́. "Ẹ yàn án, Mùsíè. Ẹ gbé ìwé yín, kí ẹ máa lọ, kí kókó wà bó ṣe wà. Tàbí kálàmù."

"Sọ fún un!" ni ẹnìkan ké láti àárín èrò.

Léopold wo òkìtì ìwé. Ó wo Ìdíátù. Èyí tó mú un ṣe é nínú méjèèjì, òun nìkan ló mọ̀. Ó yọ kálàmù lára àpò àyà rẹ̀, ó ṣí i fún un.

Yísà fa ìlà kan gba orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó fà á dúdú. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo. Létà rẹ̀ tóbi, ó gun òkè, ó fi orí gbá ẹsẹ̀ afárá nínú àwòrán. Léopold ń kérora bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀. Yísà kò yára. Nígbà tó parí, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó yí ìwé náà sí ọ̀dọ̀ Léopold.

"Ẹ kà á."

"Mo ti rí i."

"N kò ní kí ẹ rí i. Ẹ ti rí i látọjọ́ pípẹ́. Ẹ kà á."

Léopold fi awò rẹ̀ sójú. Nimotallahi dìde lórí àpótí rẹ̀. Dúrótoyè ti wá síwájú, ó di okùn oníkókó náà mú lọ́wọ́, ó ń dúró kí Yísà tú u.

"'Ìdíátù,'" ni Léopold kà, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "'Ìyàwó Adélékan. Ó ń ti opó ọkọ rẹ̀ bọ̀. Kò sá.'"

"Ẹ tún un kà," ni Yísà wí. "Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́."